Kí Lo Kọ́kọ́ Gbọ́?

Ní Kemi, létí òkun tó ti le bíi pátákó,
oòrùn oṣù Kejìlá kì í yọ, ó kàn ń yọjú,
bí àna tó wá kíni, tí kò fẹ́ jókòó.
Aago mẹ́ta ọ̀sán, ilẹ̀ ti ṣú.
Mo bọ́ bàtà yìnyín sẹ́nu ọ̀nà,
mo gbé kọfí ka iwájú kọ̀ǹpútà,
mo tẹ bọ́tìnnì kan,
ohùn mẹ́rin sì wọlé tọ̀ mí wá láìkanlẹ̀kùn.

Ẹ jẹ́ n sọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe lójú mọmọ:
ilé tó bá jóná, èmi nilé-iṣẹ́ adójútòfò ń rán.
Mo máa ń tú eérú bí adìyẹ ṣe ń tú àkìtàn,
mo ń wá wáyà tó yọ́, àbẹ́là tí wọ́n gbàgbé,
irọ́ tó sá pamọ́ sínú èéfín.
Ọdún mọ́kànlélógún.
Ọ̀rọ̀ tí mo mọ̀ ọ́n sọ jù ni "rárá".

Iiris ló ń darí eré. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún péré.
"Ta lo fẹ́ jẹ́?" ló bi mí lálẹ́ ọjọ́ kìíní.
Eelis, awakọ̀ àjàgbé, ti di dókítà ọ̀mùtí.
Marit ní Vadsø ti di ayàwòrán tí òkú ń yọjú nínú fọ́tò rẹ̀.
Osmo, tó ń tún dùùrù ṣe, kò tíì pinnu;
ọ̀sẹ̀ kẹfà rèé, kò tíì pinnu.
Mo ní, "Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni mí."
Wọ́n rẹ́rìn-ín. Iiris ní, "Gbogbo wa náà ni. Wá òmíràn."
Ni mo bá fi ìkánjú dá Helvi:
ìyá ẹni àádọ́rin ọdún,
tó ti jókòó rí nílé tẹlifóònù ìlú kékeré kan,
tó ń so ohùn mọ́ ohùn,
tó sì gba gbogbo ohun tó bá gbọ́ gbọ́.
Ẹ̀fẹ̀ ni mo fi ṣe.

Ilé ìwòsàn oníkọ́ ife kan wà nínú igbó.
Wọ́n ti tì í pa láti ọdún márùndínláàádọ́ta,
wọ́n ti gé wáyà tẹlifóònù rẹ̀, síbẹ̀ ó ń dún
ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, lẹ́ẹ̀mẹ́jọ, kò lé, kò dín.
Èmi Jalmari ti mọ̀ ọ́n: èkúté ni. Atẹ́gùn ni.
Ṣùgbọ́n Helvi ló wà níbẹ̀, kì í ṣe èmi.
Mo da dáìsì sórí tábìlì ilé ìdáná,
ó yí lọ sábẹ́ fìríìjì.
Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo fi tọ́ọ̀ṣì wá a,
èmi àgbàlagbà onírùngbọ̀n funfun,
mò ń bẹ egungun kékeré kó sọ fún mi bóyá màá sá.
Méjì.
Helvi kò sá. Ó gbé tẹlifóònù sétí.

Iiris dákẹ́. Ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo rò pé íńtánẹ́ẹ̀tì ti já.
Lẹ́yìn náà, jẹ́ẹ́jẹ́:
"Kí lo kọ́kọ́ gbọ́?"

N kò mọ ibi tí ìdáhùn ti wá.
Mo ní, "Ẹnì kan ń mí. Ó ń dúró kí n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀."
Irun apá mi dìde. Osmo wúkọ́.
Marit ní òun ń lọ tan iná pálọ̀.
Kò sẹ́ni tó fi Helvi rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Ajé, ní Tornio. Sáúnà kan ti jó di èédú.
Saimi onílé wọ ẹ̀wù òtútù ẹlòmíràn,
apá rẹ̀ gùn jù ú lọ.
Ó ní iná náà ló dá ara rẹ̀ dá.
Mo ti mọ ibi tí "rárá" máa ń gbé:
àpótí kẹrin, ojú ìwé kejì.
Bíìrò ti kan bébà. Ọwọ́ mi ò lọ.
"Ìyá, kí lẹ kọ́kọ́ gbọ́?"
Ó wò mí bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ so wáyà rẹ̀.
Ó jókòó sórí garawa tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀,
ó sì sọ ọ́.

N kò ní sọ ọ́ fún yín. Kò sí àpótí fún un nínú fọ́ọ̀mù.
Mo rí wáyà tó yọ́ náà, lẹ́bàá ògiri, bí mo ṣe rò.
Wáyà ni mo kọ.

Ọjọ́ Ẹtì ń bọ̀. Mo ti ra dáìsì pupa.
Mo ti fi páálí dí abẹ́ fìríìjì.